Gandhi: Agbẹjọ́rò tó bá ìbátan méjì parí ìjà

Òmìnira ilẹ̀ Íńdíà ni aráyé fi ń rántí Mohandas Gandhi, ẹni tí wọ́n yìnbọn pa nílùú Delhi lọ́dún 1948. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lọ́yà ló gbé e dé Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1893, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 23.

Oníṣòwò kan, Dada Abdulla, ló gbà á síṣẹ́. Ó pe ìbátan rẹ̀, Tyeb Sheth, lẹ́jọ́ nílùú Pretoria nítorí gbèsè 40,000 pọ́n-ùn. Gandhi yẹ ìwé ẹjọ́ náà wò fínnífínní, ó rí i pé ọ̀gá òun ló jàre. Lọ́yà mìíràn ì bá máa fò fáyọ̀. Ohun tí òun rí ni owó lọ́yà tó ń gorí ara wọn lójoojúmọ́, àti pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó bẹ Tyeb, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀, títí wọ́n fi gbà láti yan ẹnìkan tí yóò dá ẹjọ́ náà láàárín wọn. Dada Abdulla ló jàre lóòótọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tyeb gbọ́dọ̀ san 37,000 pọ́n-ùn pẹ̀lú owó ẹjọ́, agbára rẹ̀ kò sì ká a lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀, ikú sàn ju kí wọ́n kéde èèyàn ní ajigbèsè tí kò rí owó san. Gandhi tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tó ti jàre ló ń bẹ̀. Níkẹyìn, Dada Abdulla gbà kí Tyeb máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹjọ́ ni Gandhi tún bá àwọn èèyàn parí báyìí ní nǹkan bí 20 ọdún tó fi ṣe lọ́yà.