Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì: Ìtàn Anna Hinderer àti Ọkọ Rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa ní Stafford, ọ̀pọ̀ nínú yín ni a bí sí Houston yìí, tí àwọn òbí yín sì ti ilẹ̀ Yorùbá rékọjá òkun wá. Ẹ mọ bí ó ti rí láti máa sọ èdè kan nílé, kí a sì máa sọ òmíràn ní ilé-ìwé. Ẹ mọ bí àwọn àgbà ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá fẹ́ pe ọkọ̀ tí ahọ́n yín sì pe ọ̀kọ̀. Ní àjọ̀dún ti ọdún yìí, a fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan fún yín, ẹni tí ó rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ láti òdìkejì. Ó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó lọ gbé ní Ìbàdàn, ó sì di dandan fún un láti kọ́ èdè wa láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọmọdé.

Anna Martin ni orúkọ tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, ọdún 1827 ni a bí i ní Hempnall, ìletò kan ní Norfolk. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ ń gbé ní Lowestoft, ìlú kan létí òkun, lọ́dọ̀ Àlùfáà Francis Cunningham àti aya rẹ̀, àwọn tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tiwọn. Kò tí ì ju àwọn àgbà kíláàsì yín lọ nígbà tí ó tọrọ ààyè pé kí a jẹ́ kí òun náà kọ́ni ní Ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ọmọ mélòó kan tí aṣọ wọn ti gbó ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ju igba lọ. Láti kékeré ni ó sì ti ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò lọ ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run ní òkèèrè.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ Jámánì láti Schorndorf, tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ti rán sí ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú. Ọkùnrin yìí ti ṣe ìbẹ̀wò sí Ìbàdàn ní 1851, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Kí ọdún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó tó parí, wọ́n ti wọ ọkọ̀. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù Kìn-ín-ní 1853, wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ibà ti kọ́kọ́ fi ojú Anna rí nǹkan. Ní oṣù Kẹrin ni wọ́n wọ Ìbàdàn.

Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe Ìbàdàn tí àwọn òbí yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Ìlú jagunjagun ni, tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ dó. Kò sí obìnrin òyìnbó kan tí ó ti gbé ibẹ̀ rí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tú jáde láti wò ó. Bí ó bá jókòó, wọn a wò ó, bí ó bá dìde, wọn a tẹ̀lé e. Kò bínú. Ó jẹ́ kí wọ́n wo òun títí ojú wọn fi mọ́ òun lára. Ìyálóde ìlú pàápàá wá kí i, àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́. Ilé amọ̀ tí a fi koríko bò ni tọkọtaya náà kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ́ ilé ní Kúdẹtì, wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́run kò fi ọmọ kankan fún wọn, ṣùgbọ́n ilé wọn kò ṣófo. Olóyè kan tí ń jẹ́ Abẹ́rẹ́ mú ọmọ rẹ̀ méjì wá pé kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òyìnbó, kí wọ́n sì kọ́ ìwé. Yéjídé ni orúkọ obìnrin, Akínyẹlé ni orúkọ ọkùnrin. Àwọn ni àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn, títí tí ilé náà fi kún. Ìyá ni gbogbo wọn ń pe Anna.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọjọ́ kan ti ń lọ nínú ilé náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo ilé a péjọ fún àdúrà. A ó wẹ àwọn kékeré, a ó fún wọn ní oúnjẹ, iṣẹ́ ìwé a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí A B D. Anna a máa kọ́ wọn ní orin, ó sì ní dùùrù kékeré kan tí ó gbé ti ilẹ̀ rẹ̀ wá. Àgbà àti ọmọdé ni ó máa ń ya lẹ́nu bí ohùn ti ń jáde láti inú àpótí. Lẹ́yìn ìwé, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni, nítorí aṣọ tí àwọn ọmọ náà ń wọ̀, òun ni ó ń rán púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti rán. Láàárín èyí, aláìsàn ń dé, àlejò ń dé, ẹni tí ó kàn fẹ́ wo fèrèsé ilé náà ń dé. Ní tirẹ̀, David a máa jáde lọ wàásù kiri ìlú, a máa bẹ àwọn olóyè wò, a sì máa jókòó ti ìtumọ̀ ìwé. Òun ni ó túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1866 pẹ̀lú orúkọ náà Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Bóyá ó wà lórí pẹpẹ ìwé ìyá yín àgbà.

Kì í ṣe gbogbo òbí ni inú wọn dùn. Àwọn kan mú ọmọ wọn kúrò, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ di ojo, tí kò ní lè jagun mọ́. Ní ìlú bí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Ibà náà kò sì sinmi. Àwọn òyìnbó mélòó kan tí a rán wá ràn wọ́n lọ́wọ́ kú sí Ìbàdàn, wọ́n sì sin wọ́n síbẹ̀. Ní 1856, àìlera lé tọkọtaya náà padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1858, wọ́n ti tún padà dé, àwọn ọmọ sì yọ̀ mọ́ wọn.

Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ìbàdàn dojú kọ Ìjàyè. Abẹ́òkúta gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà. Ẹ rántí pé láti Èkó ni owó ẹyọ, oògùn, aṣọ àti lẹ́tà ti ń wá bá wọn. Nígbà tí ọ̀nà dí, kò sí ohun tí ó lè dé Kúdẹtì. Àwọn ọmọ sì wà nínú ilé, wọn kò ṣíwọ́ àtimáa jẹun nítorí pé ogun wà. Ohun tí Anna àti ọkọ rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí ó wà nínú ilé, àní títí dé orí agolo òfìfo àti ìgò. Owó ẹyọ tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ra iṣu àti ẹ̀wà. Ebi pa àwọn pàápàá. Aṣọ wọn gbó, bàtà wọn já, ara Anna sì ń rù sí i.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀nà tí ó dí ni kò jẹ́ kí wọ́n sá lọ. Ẹ dúró ná. Lákòókò ogun náà, David fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí Èkó láti wá owó àti oúnjẹ, níbi tí àwọn kan ti ń wá ọ̀nà láti pa á. Ó dé Èkó ní àlàáfíà, níbi tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gúnlẹ̀ sí. Láti ibẹ̀, ọ̀nà eléwu kan náà ni ó tún gbà padà sí Ìbàdàn, nítorí aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wà níbẹ̀.

Ìjàyè ṣubú ní 1862. A mú Edward Roper, ọ̀dọ́mọkùnrin míṣọ́nnárì tí ó wà níbẹ̀, ní ẹrú ogun wá sí Ìbàdàn. Kúdẹtì náà ni ó wá gbé, ẹnu kan sì tún kún ẹnu tí a óò bọ́. Ogun parí ní Ìjàyè, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹrin 1865, ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Maxwell kan ilẹ̀kùn wọn. Láti Èkó ni ìjọba ti rán an. Ó gba inú igbó, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ rìn, ó sì mú àwọn tí yóò fi aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá gbé Anna wá pẹ̀lú rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò lè rìn. Kò sí ààyè láti dúró pẹ́, kí ìròyìn má bàa tàn. Ilẹ̀ mọ́, ó ní láti lọ. Ọdún márùn-ún ni ó ti ń gbàdúrà kí ọ̀nà là. Nígbà tí ó sì là, ẹkún ni ó sun, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. David tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n tún padà wá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti lè rò. Ṣùgbọ́n agbára Anna ti tán, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Ó kú ní Martham, ní Norfolk, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, ọdún 1870. Ẹni ọdún 43 ni.

Ta ni ó wá ń bójú tó ìjọ Ìbàdàn? Daniel Olúbí ni, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó bá wọn wọ Ìbàdàn ní 1853 gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀. Inú ilé wọn ni ó ti dàgbà di olùkọ́. A fi í jẹ díákónì ní 1871. Ó darí ìjọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí òyìnbó kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní àkókò ogun mìíràn tí ó tún gùn ju ti Ìjàyè lọ.

Bí ẹ bá bá àwọn òbí yín lọ sí ilé, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé Kúdẹtì, kí ẹ rí ìjọ St. David's tí ó wà níbẹ̀ títí di òní. St. Anne's, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Mọ̀lété, ń jẹ́ orúkọ Anna. Àwọn ìyá kan nínú ìjọ wa lè ti jókòó sí kíláàsì rẹ̀. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin mìíràn tún wà ní Ìbàdàn tí a fi sọrí ọmọdébìnrin tí bàbá rẹ̀ fà lé ìyá òyìnbó lọ́wọ́ ní 1853. Yéjídé Girls' Grammar School ni orúkọ rẹ̀.