Gọ́lọ́bà: Òyìnbó tó la ọ̀nà Oǹdó, tó sì kó àwọn Mùsùlùmí lọ jagun Àṣàńtì

Ẹni tó bá gbéra láti Àkúrẹ́ lónìí, kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ yóò fi gbé e dé Oǹdó. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òde Oǹdó ti di ahoro, àwọn ọmọ ìlú sì ti fọ́n ká. Nínú ìtàn bí ìlú náà ṣe padà dìde, orúkọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀: John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gọ́lọ́bà. Ọkùnrin yìí kan náà ló kó àwọn Háúsá tó jẹ́ Mùsùlùmí jọ, tó fún wọn ní ìbọn, tó sì kó wọn gba orí òkun lọ bá Àṣàńtì jagun ní 1873. Ṣé oore ló ṣe wá ni, àbí okùn ló dẹ fún wa? Ìbéèrè yìí la fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìtàn ayé rẹ̀.

Wọ́n bí Glover ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1829. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní 1841. Ìgbà náà ni agbára Ìlú Ọba ń gbòòrò. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ wọn ń pọ̀ sí i, àwọn oníṣòwò wọn sì ń wá ibi tí wọn yóò ti ta ọjà, àti epo pupa tí wọn yóò fi ṣe ọṣẹ. Ibi tí ọjà bá wà, ọkọ̀ ogun kì í jìnnà sí ibẹ̀. Ní 1853, nínú ogun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ sí Bọ́mà ní Éṣíà, Glover fara gbọgbẹ́ gidigidi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Bọ́mà yìí sọ́kàn, a óò tún kàn án.

Ní 1857, ó bá Dókítà Baikie wọ odò Ọya nínú ọkọ̀ Dayspring. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó jọ rin ìrìn àjò náà. Ní oṣù kẹwàá, ọkọ̀ náà forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì bàjẹ́. Glover fi ẹsẹ̀ rìn gba àárín ilẹ̀ Yorùbá wá sí Èkó láti wá ohun èlò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Báyìí ló ṣe fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà, ọjà àti ogun tó ń jà nílẹ̀ wa, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò mọ̀ ju etí òkun lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó láti ojú omi ní 1851. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, wọ́n mú kí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi ìlú lé wọn lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn dúró sórí ọ̀sà. Lẹ́yìn ọdún méjì, Glover bọ́ sí ipò àkóso níbẹ̀. Láti 1863 títí di 1872, bóyá ni òyìnbó kan wà ní Èkó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ tó tirẹ̀.

Nígbà yẹn, ẹrú tó jẹ́ Háúsá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ríbi sá nínú wọn, Èkó ló ń forí lé, nítorí òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gba òwò ẹrú níbẹ̀. Glover kò dá wọn padà. Ó fi wọ́n ṣe ọlọ́pàá àti ọmọ ogun, ó ń san owó iṣẹ́ fún wọn, kò sì dí wọn lọ́wọ́ ẹ̀sìn wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e bí ọmọ ṣe ń tẹ̀ lé bàbá. Àwọn Mùsùlùmí Èkó náà rí i pé gómìnà yìí ń bá àwọn àgbà wọn sọ̀rọ̀, tí kì í fi ojú kékeré wò wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, bó tilẹ̀ korò. Yorùbá bíi tiwa ni àwọn tí ẹrú ń sá kúrò nílé wọn, Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Bí a bá ń bá òyìnbó wí pé ó fi ẹrú tó sá ṣe ọmọ ogun, ó yẹ ká bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n ń sá fún.

Inú àwọn olówó ẹrú ní Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn kò dùn rárá. Lójú tiwọn, olè ni gómìnà tó gba ẹrú wọn láì san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìjà lórí òwò ló mú kí ọ̀nà máa dí. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Glover rán ọmọ ogun lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1865, ó sì lé wọn. Ní 1867, àwọn ará Abẹ́òkúta lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde nílùú wọn, nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn Ìlú Ọba ló fara mọ́ irú ìṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1865 yẹn gan-an, ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin wọn jókòó lórí ọ̀rọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní owó tí ìjọba ń ná síbẹ̀ ti pọ̀ jù, pé kí wọ́n má ṣe gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì múra láti fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ láti ṣàkóso fúnra wọn. Àríyànjiyàn nìyí: àwọn kan ní ká kúrò níbẹ̀, Glover àti irú rẹ̀ ní ká tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú dí, Glover wá ọ̀nà mìíràn gba ìlà oòrùn. Ọkọ̀ ojú omi yóò gba ọ̀sà dé Àtìjẹ́rẹ́, àwọn aláàárù yóò gbé ẹrù gba inú igbó dé Oǹdó, láti ibẹ̀ lọ sí Òkè-Igbó, Ifẹ̀ àti Iléṣà, títí dé Ìbàdàn. Ọ̀nà tó ya sí Àkúrẹ́ àti Èkìtì náà wà. Àmọ́ ìjà abẹ́lé àti ogun láti ìta ti tú Òde Oǹdó ká fún ohun tó ju 20 ọdún lọ. Ọ̀nà kò lè gba inú ahoro. Ìdí nìyí tí Glover fi dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1872, Roger Goldsworthy, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó, wá sí Oǹdó láti bá wọn parí ìjà, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé.

Oore gidi nìyẹn, a kò gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gba ọ̀nà náà kọjá lẹ́yìn ìgbà yẹn. Aṣọ àti iyọ̀ gba ibẹ̀. Àwọn oníwàásù ìjọ Áńgílíkà gba ibẹ̀, Charles Phillips sì dé Oǹdó ní 1877. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó gbé ìbọn ìgbàlódé gbà fún Èkìtìparapọ̀. Ọ̀nà kì í bi ẹni tó ń gba orí rẹ̀ pé kí ló gbé dání.

Ọdún 1872 náà ni John Pope Hennessy, ọ̀gá àgbà lórí àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, yọ Glover kúrò ní Èkó. Ó gbà pé líle rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà. Ó jọ pé àwọn tó ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró ti borí.

Àmọ́ kò pẹ́ tí ogun Àṣàńtì fi dé. Gẹ̀ẹ́sì gba Elmina lọ́wọ́ àwọn ará Họ́láńdì ní 1872, Àṣàńtì sì ní àwọn ló ni ibẹ̀. Nígbà tí ogun Àṣàńtì sọ̀kalẹ̀ wá sí etí òkun ní 1873, Ìlú Ọba rán Wolseley àti àwọn ọmọ ogun òyìnbó. Wọ́n ní kí Glover kó ogun tirẹ̀ gba ìhà odò Volta, ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí. Ó ránṣẹ́ sí Èkó, àwọn Háúsá rẹ̀ jáde, àwọn Yorùbá náà sì wà nínú wọn. Àwọn tó sá fún oko ẹrú wá di ẹni tó ń gbé ogun ọba mìíràn lọ sí ilẹ̀ tí wọn kò dé rí, lọ bá àwọn èèyàn tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1874, níbi ìjà Abogoo, ìbọn ba ọ̀gá kan nínú àwọn Háúsá náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Braimah. Ọ̀gágun òyìnbó kan, Reginald Sartorius, wọ inú ìbọn lọ gbé e kúrò níbẹ̀. Ọgbẹ́ náà ju ti ẹni tó lè yè lọ. Fún iṣẹ́ akin yìí, wọ́n fún Sartorius ní àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross, èyí tó ga jù ní Ìlú Ọba. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ Braimah, tí a mọ̀ pé Ibrahim ni, ìlà kan péré ló ní nínú ìwé ẹ̀yẹ ẹlòmíràn.

Wolseley wọ Kùmásì ní ọjọ́ 4 oṣù kejì, ó sì dáná sun ún kó tó yí padà. Ahoro ni ẹgbẹ́ Glover bá nígbà tí wọ́n dé. Àṣàńtì gbà láti san ìwọ̀n áńsì wúrà 50,000. Àwọn kan ní Ìlú Ọba bi ìjọba pé kí ló dé tí wọ́n fi jagun láì kọ́kọ́ bi ilé aṣòfin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ́gun kì í pẹ́ lẹ́nu ẹjọ́. Ilé aṣòfin méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ Glover. Ní oṣù keje ọdún 1874, Gẹ̀ẹ́sì sọ etí òkun náà di ilẹ̀ tirẹ̀ pátápátá, ó sì so Èkó mọ́ ọn. Láàrin ọdún 9, ohun tí ìgbìmọ̀ 1865 sọ ti di ohun ìgbàgbé.

Glover kò padà wá ṣe ìjọba ní Èkó mọ́. Ó ṣe gómìnà ní Newfoundland, ó sì kú ní London ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1885. Gbọ̀ngàn Glover Memorial ní Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Àwọn Háúsá tó kó jọ kò tú ká. Irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ wà nínú ogun tó ṣẹ́ Ìjẹ̀bú ní 1892, ọdọ̀ wọn ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà sì ti ń ka ìtàn tirẹ̀, láti 1863. Ní 1944 àti 1945, àwọn bàbá àti bàbá àgbà wa nínú ẹgbẹ́ náà wà ní Bọ́mà, níbi tí Glover ti fara gbọgbẹ́ ní 1853, tí wọ́n ń jà fún ìjọba kan náà tó rán òun lọ.

Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé ká ṣe déédéé, kódà fún ẹni tí inú wa kò dùn sí. Nítorí náà, a ò ní sọ pé ìkà ni Glover. Ó dá ẹrú sílẹ̀, ó bá Oǹdó parí ìjà, ó bu ọlá fún Mùsùlùmí nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ka wọ́n sí. Ṣùgbọ́n a ò ní fi oore yẹn bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ó dá ẹrú sílẹ̀ nítorí ó fẹ́ ọmọ ogun. Ó la ọ̀nà nítorí ó fẹ́ ọjà. Oore tí alágbára ṣe nítorí àǹfààní tirẹ̀, ibi tí àǹfààní náà bá yà sí ló ń yà sí. Bí ìjọba ńlá kan bá tún wá bá wa lónìí pẹ̀lú ọ̀nà, ìbọn tàbí owó yíyá, ẹ jẹ́ ká gba ohun tó dára níbẹ̀, ká sì bèèrè ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀ bó bá yá.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀rọ̀ yé wa, kí Ó sì ṣàánú Braimah àti gbogbo àwọn tí orúkọ wọn kò tilẹ̀ ní ìlà kan nínú ìwé. Àmín.