Mother Joseph: Sísítà tó ń lo òòlù, tó ń tọrọ owó fún aláìsàn

Ère pọ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló láǹfààní láti gbé ère èèyàn méjì síbẹ̀, àwọn olóṣèlú àti ológun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní 1980, ìpínlẹ̀ Washington (èyí tó wà ní ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún, kì í ṣe olú ìlú o) gbé ère obìnrin kan wá. Ó kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà, irinṣẹ́ ìkọ́lé sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mother Joseph nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ilé ìwòsàn ló wà nídìí ẹ̀, ìyẹn ò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti gbé aláìsàn dé ọsibítù rí, tí wọ́n ní kó lọ san dípósíìtì ná.

Esther Pariseau lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ọjọ́ 16, oṣù kẹrin, 1823 ni wọ́n bí i ní Saint-Elzéar, nítòsí Montreal ní Kánádà. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni bàbá rẹ̀ máa ń kàn, ọmọ náà sì dàgbà láàárín pákó àti ayùn. Nígbà tó pé ọmọ 20 ọdún, ní ìparí 1843, bàbá yìí mú un lọ bá Émilie Gamelin, opó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn Sísítà Providence sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Bàbá wá ń ka iṣẹ́ tọ́mọ mọ̀ bí ẹni tó ń polówó ọjà: ó mọ̀wé kọ, ó mọ̀wé kà, ó mọ ìṣirò, ó lè dáná, ó lè ránṣọ, ó sì lè lo òòlù àti ayùn bíi bàbá tó bí i lọ́mọ. Èmi fẹ́ràn bàbá yìí gan-an ni.

Ní 1856, Bíṣọ́ọ̀bù Blanchet ń wá àwọn sísítà tó máa bá a ṣiṣẹ́ ní agbègbè Washington, tí kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà náà. Sísítà márùn-ún ló lọ, Esther, tó ti di Mother Joseph, ló ṣáájú wọn. Kò sí rélùwéè tó la Amẹ́ríkà já nígbà yẹn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti New York lọ sí Panama, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin la ilẹ̀ Panama kọjá, wọ́n tún wọ ọkọ̀ ojú omi mìíràn gba San Francisco. Ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Vancouver, létí odò Columbia. Kì í ṣe Vancouver ti Kánádà tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn o. Abẹ́ òrùlé ilé bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fún wọn sùn. Ni Mother Joseph bá mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọdún 1858 ni ilé ìwòsàn St. Joseph bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé ilé ńlá ni o. Ilé kékeré tí wọ́n fẹ́ lò fún ìfọṣọ àti búrẹ́dì ṣíṣe ni, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló sì gbà. Àwọn obìnrin ìlú, Kátólíìkì àtàwọn tí kì í ṣe Kátólíìkì, ló kó ohun èlò jọ fún un. Kò tíì sí ilé ìwòsàn tó fìdí múlẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn ṣáájú rẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Aláìsàn tó ń wá kò lówó. Ọmọ òrukàn wà ńlẹ̀, arúgbó wà ńlẹ̀, ẹni tórí ẹ̀ ò pé náà wà ńlẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń jẹun. Oògùn kì í ṣe omi òjò. Kí ni obìnrin yìí wá ṣe? Ó gun ẹṣin lọ síbi tówó wà. Láwọn ọdún 1860, wọ́n ń wa góòlù ní Idaho àti Montana, ibẹ̀ ló sì gbà lọ pẹ̀lú sísítà mìíràn, nínú aṣọ dúdú wọn, láàárín àwọn ọkùnrin awakùsà. Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin ará ìsinsìnyí á ní fundraising ni. Báárà ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Obìnrin tó mọ ìṣirò, tó mọ iṣẹ́ ọwọ́, ló na ọwọ́ sí àwọn ọkùnrin tí eruku bò, kí ẹni tí kò mọ̀ lè rí ìtọ́jú.

Kì í ṣe báárà nìkan náà kọ́. Ní 1877, ìjọba King County ní Seattle bá àwọn sísítà náà ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa tọ́jú àwọn tálákà agbègbè náà, kí ìjọba sì máa sanwó. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Providence ti Seattle ti ṣẹ̀. Ti Portland, St. Vincent, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1875.

Owó tó bá wọlé, ó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Providence Academy ní Vancouver, ó máa ń gun òkè lọ wo igi àjà, ó máa ń wọ abẹ́ ilẹ̀ pákó lọ wò ó bóyá ó dúró dáadáa. Iṣẹ́ tí kò bá dáa, títú ni. Ilé bíríkì náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Èkó mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí.

Wọ́n ka ilé ìwòsàn 11 àti ilé ẹ̀kọ́ 7 mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ 5 fún ọmọ àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó wà níbẹ̀ káwọn òyìnbó tó dé. Mi ò ní fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn pamọ́: nírú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn, èdè àti àṣà àwọn ọmọ náà ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Ó kú ní ọjọ́ 19, oṣù kìíní, 1902, lẹ́yìn tí kókó inú ọpọlọ ti dà á láàmú. Ní 1953, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Amẹ́ríkà pè é ní ayàwòrán ilé àkọ́kọ́ ní agbègbè náà.

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin yẹn ti di Providence lónìí, nǹkan bí ilé ìwòsàn 50 ní ìpínlẹ̀ méje. Wọn ò dá a sílẹ̀ fún èrè, òfin sì yọ̀ǹda púpọ̀ nínú owó orí fún un nítorí ìyẹn. Mi ò bá wọn jà pé wọ́n ń wá owó. Mother Joseph náà wá a, ó wá a ju ọ̀pọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wa góòlù ló ti lọ wá a, kò lọ bá ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Òfin ìpínlẹ̀ Washington sọ pé aláìsàn tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀dínwó. Ní 2022, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà gbé Providence lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n ń lépa irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fún owó, wọ́n sì ń fi gbèsè wọn lé àwọn agbowó-gbèsè lọ́wọ́. Ní 2024 ni wọ́n yanjú ẹ̀. Providence gbà láti fagi lé gbèsè bíi mílíọ̀nù 137 dọ́là, kí ó sì dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là padà fáwọn tó ti san án. Àwọn tọ́rọ̀ náà kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 èèyàn.