Àgbẹ̀ Tí Kò Fi Irúgbìn Pamọ́

Ẹ Ka: Orin Dáfídì 126

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa, bí ẹ bá ń ti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Ifẹ̀tẹ̀dó, oko kòkó ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Lára àwọn tí Ọlọ́run lò ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí a bí ní 1866.

Alàgbà ìjọ St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó ni. Nígbà náà, òyìnbó kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ́ olórí nínú ìjọ. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kú ní 1891, òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1901, wọ́n tún mú James Johnson, olùṣọ́-àgùntàn tí ìjọ fẹ́ràn, kúrò ní Breadfruit. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ, wọ́n jáde. Coker wà níwájú wọn, wọ́n sì dá Ìjọ African Church sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Oko kòkó Coker wà ní Ìfakọ̀, l'Ágége. Àwọn tálákà láti ìgbèríko wá ṣe lébìrà níbẹ̀. Ó san owó iṣẹ́ wọn, ó kọ́ wọn bí a ti ń gbin kòkó, ó sì wàásù fún wọn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Àgége ń padà sí ìlú wọn, wọ́n mú irúgbìn àti ìmọ̀ lọ sílé. Ní 1907, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Àgége sílẹ̀, láti tan iṣẹ́ náà kálẹ̀. Báyìí ni kòkó ṣe ń gba ọ̀nà Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó.

Ẹ̀yin ará, kòkó kì í so lọ́dún tí a gbìn ín. Ọdún bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni. Ní 1920 sí 1921, owó kòkó já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Àgége sì pàdánù. Coker kú ní 1945. Kò rí ọdún 1955, tí owó kòkó ran ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́. Kò rí Yunifásítì Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962.

Ìwọ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, tí o sì rò pé ó tán: kí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ? Má ṣe dì í mú. Fi kọ́ ẹlòmíràn.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní ọkàn tí yóò gbìn, bí ẹlòmíràn ni yóò tilẹ̀ kórè. Àmín.