Samuel Johnson, Olùkọ́ tí ó Di Òpìtàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ olùkọ́ ni a wá kọ́ ní ibí. Ẹ jẹ́ kí a rántí olùkọ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò parí sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Júùnù, ọdún 1846, ni a bí Samuel Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé ni àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Ìbàdàn. Ní Abẹ́òkúta ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ àlùfáà Bühler, ó sì padà sí Ìbàdàn ní 1866 láti máa kọ́ni. Nígbà ogun Kírìjì, ó rìn láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ nítorí àlàáfíà, títí wọ́n fi ṣe àdéhùn ní 1886. Lẹ́yìn èyí, ó di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́.

Ó dùn ún pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àti Róòmù, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń kú lọ. Ó tẹ́tí sí àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ní 1897 ó parí ìwé náà. A fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Ibẹ̀ ni ó sọnù sí. Johnson kú ní 1901, ojú rẹ̀ kò rí ìwé náà.

Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ kù nílé. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tí í ṣe oníṣègùn, fi wọ́n tún ìwé náà kọ. Ní 1916 àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì mú un dé Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì ni a rí i. Ní 1921 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde, nígbà tí Obadiah náà ti kú.

Ọ̀yọ́ ni Johnson mọ̀ jù. Díẹ̀ ni ó sọ nípa Àkókó. Ta ni yóò sọ ìyókù? Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àwọn baba wa fi orí òkè ṣe ààbò nígbà ogun Tápà àti ti Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn àgbà gun òkè wọ̀nyí, kí wọ́n fi ibùdó àtijọ́ hàn wá, kí a sì kọ ohun tí a bá rí àti ohun tí a bá gbọ́. Kí a má sì ṣe kọ ọ́ sí ibì kan ṣoṣo.