ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ WILLIAM JENNINGS BRYAN (1860–1925)

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú àti ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí wa ní Ìkọ̀yà, Kìrìsìtẹ́nì ará Amẹ́ríkà ni ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá, nítorí àwọn ọmọ wa ń ké Àlùkùránì, wọ́n sì ń ka bàọ́lọ́jì.

A bí Bryan ní ìlú Salem, ìpínlẹ̀ Illinois, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, ọdún 1860. Lọ́yà ni, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó du ipò Ààrẹ, ní 1896, 1900 àti 1908, kò sì wọlé rárá. Síbẹ̀ kò yé gbèjà àwọn àgbẹ̀ àti tálákà.

Nígbà tí ó dàgbà, ó rí i pé àwọn kan ń fi ẹ̀kọ́ Darwin, pé láti ara ẹ̀dá mìíràn ni ènìyàn ti yípadà wá díẹ̀díẹ̀, ti ogun àti ìrẹ́jẹ lẹ́yìn. Èyí bà á nínú jẹ́. Ó ń bẹ àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n ká ẹ̀kọ́ náà kúrò ní ilé-ìwé ìjọba. Tennessee ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta, 1925. Ní ìlú Dayton, olùkọ́ ọmọ ọdún 24 kan, John Scopes, gbà kí wọ́n pe òun lẹ́jọ́, kí a lè dán òfin náà wò. Bryan bá ìjọba rojọ́. Clarence Darrow, àgbà lọ́yà, gbèjà Scopes.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, wọ́n jókòó ẹjọ́ ní ìta gbangba. Darrow ní kí Bryan fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí sí Bíbélì. Lórí Ànábì Yūnus nínú ẹja, Bryan ní òun gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n lórí ọjọ́ orí ayé àti àwọn ènìyàn ìgbàanì, ó jẹ́wọ́ pé òun kò wádìí rẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá Scopes lẹ́bi, wọ́n sì bu owó ìtanràn dọ́là 100 lé e. Bryan borí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, ó sùn lọ́sàn-án ní Dayton, kò jí mọ́. Ní 1927, kóòtù tó ga jùlọ ní Tennessee yí ìdájọ́ náà dànù, nítorí adájọ́ ló bu owó ìtanràn náà, kì í ṣe àwọn júrì. Ní 1967, wọ́n fagi lé òfin náà pátápátá.

Kí ni a rí kọ́? Àánú tálákà àti ìfẹ́ ẹ̀sìn ni ó gbé Bryan dìde, a kò lè fi ìyẹn bú u. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ó fẹ́ fi òfin dí ìbéèrè lẹ́nu, kò sì múra dè é nígbà tí ó kàn án. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ọmọ yín bá gbé ìbéèrè nípa ìṣẹ̀dá Ànábì Ādam wálé, ẹ má ṣe nà án. Ẹ mú un tọ àáfà lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ka ìwé rẹ̀ dáadáa.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ìgbàgbọ́ tí ìmọ̀ tì lẹ́yìn. Àmín.