Abraham Lincoln: Ọdún Tí Ó Fìdí Rẹmi

Nínú àwọn ènìyàn ńlá tí a kọ́ nípa wọn nínú ẹ̀kọ́ ìtàn nígbà tí a wà ní ilé-ìwé, orúkọ Abraham Lincoln kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. A mọ̀ ọ́n sí Ààrẹ kẹrìndínlógún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ó kéde òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1863 fún àwọn ẹrú tí ó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń bá ìjọba àpapọ̀ jagun. A sì mọ̀ pé agbẹjọ́rò ni kí ó tó di Ààrẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ni pé nígbà àkọ́kọ́ tí ó gbégbá ìbò, láti wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Illinois, ó fìdí rẹmi. Ọdún náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí nínú ìwé àyájọ́ yìí, nítorí a gbà pé ibẹ̀ ni irú ènìyàn tí ó jẹ́ ti hàn ju inú ọdún ògo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 1809 ni a bí Lincoln, nínú ilé kékeré kan tí a fi ìtì igi kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Kentucky. Àgbẹ̀ ni Thomas, baba rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n kó lọ sí Indiana, kò sì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí Nancy, ìyá rẹ̀, fi kú. Sarah, obìnrin opó tí baba rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ inú ara rẹ̀, ó sì fún un láyè láti máa kàwé. Bí a bá ṣírò gbogbo ọjọ́ tí Lincoln lò nínú ilé-ìwé ní gbogbo ayé rẹ̀, kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ. Ìwé tí ó ń yá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ni ó fi kọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ oko àti igi lílà.

Ní ọdún 1831, nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlélógún, ó fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dé abúlé New Salem ní etí odò Sangamon ní Illinois. Kò ní ará tàbí ẹbí níbẹ̀. Ó ń bá oníṣòwò kan tajà nínú ìsọ̀, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ abúlé ṣeré ìjàkadì, ó sì ń jókòó ti àwọn àgbà láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará abúlé fi rí i pé bí ó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ alágbára tó ni ó jẹ́ olóòótọ́ tó.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1832, nígbà tí kò tíì lo ọdún kan pé ní abúlé náà, ó kéde nínú ìwé ìròyìn Sangamo Journal pé òun yóò díje fún ọ̀kan nínú àwọn àga tí àgbègbè Sangamon ní nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ní àkókò yẹn, ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, Ìbàdàn ṣì jẹ́ ibùdó ogun tí kò tíì pẹ́ tí a tẹ̀ ẹ́ dó. Nínú ìkéde rẹ̀, Lincoln sọ̀rọ̀ nípa títún odò Sangamon ṣe kí ọkọ̀ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, nítorí pé ọ̀nà reluwé yóò gbé owó ju agbára àgbègbè náà lọ. Ó bẹnu àtẹ́ lu èlé àpọ̀jù tí àwọn olówó ń gbà lórí ẹ̀yáwó. Ó fi ẹ̀kọ́ ṣáájú gbogbo ohun tí àwùjọ lè dáwọ́ lé. Ní ìparí, ó jẹ́wọ́ pé òun kò ní olówó tàbí ẹni ńlá kankan tí yóò gbé òun lárugẹ, àti pé ohun kan ṣoṣo tí òun ń lépa ni kí àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún òun nítorí pé òun yẹ fún ọ̀wọ̀ náà. Bí wọn kò bá sì yan òun, ìjákulẹ̀ ti mọ́ òun lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní dun òun jù.

Oṣù kan péré lẹ́yìn náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà àkọ́kọ́ tí Black Hawk jẹ́ olórí wọn. Ìsọ̀ tí Lincoln ti ń ṣiṣẹ́ ti ń kógbá sílé. Ó forúkọ sílẹ̀ fún ogun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dìbò yàn án ní ọ̀gágun wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣì ń sọ pé kò sí àṣeyọrí kan tí ó dùn mọ́ òun nínú bí ìyẹn. Kò fojú kan ìjà gidi kankan. Ní oṣù Keje a dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí yóò padà sílé, olè jí ẹṣin rẹ̀ gbé. Ó fi ẹsẹ̀ rìn, ó wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, títí ó fi dé ilé. Díẹ̀ ni ó fi lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kù kí a dìbò.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ, olùdíje mẹ́tàlá ni wọ́n ń du àga mẹ́rin. Nígbà tí a ka ìbò tán, Lincoln ní 657, ó sì ṣe ìkẹjọ. Méjì nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n gbégbá orókè yẹ kí a fi sọ́kàn. Ọ̀kan ni Peter Cartwright, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri. Èkejì ni John Todd Stuart, agbẹjọ́rò tí òun àti Lincoln jọ lọ sí ogun náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wo ìbò yìí dáadáa. Ní New Salem, níbi tí a ti mọ̀ ọ́n, nǹkan bí 300 ènìyàn ni ó dìbò, 277 nínú wọn sì dìbò fún Lincoln. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, nígbà ìdìbò sí ipò Ààrẹ, àwọn ará ibẹ̀ yìí kan náà fún Andrew Jackson ní ìbò 115 ju ti Henry Clay lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ẹ̀yìn Clay ni Lincoln wà. Èyí ni pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò wo ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Wọ́n wo ẹni tí ń wọn ọjà fún wọn láìyànjẹ. Níbi tí a kò ti mọ̀ ọ́n ni ó ti fìdí rẹmi. Àwọn àgbà wa sì ti sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Lẹ́yìn ìdìbò, kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó rò ó bóyá kí òun kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ó tún ronú nípa iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ó rò pé ìwé tí òun kà kò tó fún un. Ní ìgbẹ̀yìn, òun àti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Berry ra ìsọ̀ ní àwìn. Ọjà kò tà, ìsọ̀ náà kú. Nígbà tí Berry náà kú ní oṣù Kìíní ọdún 1835, gbogbo gbèsè náà já lé Lincoln nìkan lórí. Ẹlòmíràn ìbá fi òru bojú sá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, nítorí ilẹ̀ ṣì gbòòrò nígbà náà, ẹni tí ó bá sá lọ kò rọrùn láti rí mú. Lincoln kò sá. Ó ń san án díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi san án tán.

Àwọn tí wọ́n fún un ní iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kì í ṣe ará ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Jackson ni a ti fi í ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ New Salem ní ọdún 1833. John Calhoun, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Jackson, ni ó gbà á sí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, Lincoln sì fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ gba ẹṣin rẹ̀ àti irinṣẹ́ tí ó fi ń wọn ilẹ̀ láti tà wọ́n nítorí gbèsè, aládùúgbò rẹ̀ kan, James Short, ni ó rà wọ́n, tí ó sì dá wọn padà fún un.

Ní ọdún 1834, ó tún gbégbá ìbò. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ti mú un dé ọ̀pọ̀ abúlé ní àgbègbè náà, ojú tí ó mọ̀ ọ́n sì ti pọ̀ sí i. Ó wọlé, ó sì ṣe ìkejì nínú gbogbo wọn. Owó tí yóò fi ra aṣọ tí ó yẹ aṣòfin kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Aládùúgbò mìíràn, Coleman Smoot, ni ó yá a ní 200 dọ́là. Ní ọdún náà sì ni John Todd Stuart, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n borí rẹ̀ lọ́dún 1832, rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, tí ó sì yá a ní ìwé òfin tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1836, Lincoln gba ìwé àṣẹ agbẹjọ́rò. Ní ọdún 1837, ó kó lọ sí Springfield, ó sì di alábàáṣiṣẹ́pọ̀ Stuart.

Ìyókù ìtàn náà kò ṣòro láti sọ. Wọ́n tún yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ọdún 1836, 1838 àti 1840. Ní ọdún 1846, òun àti Peter Cartwright tún pàdé nínú ìdíje sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ti ìjọba àpapọ̀, Lincoln sì borí oníwàásù náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó du àga Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tí kò rí i gbà, ní ọdún 1855 àti nígbà tí òun àti Stephen Douglas figagbága ní ọdún 1858. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ó ń yan ẹni sí irú àga bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1860, wọ́n yàn án ní Ààrẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin ọdún 1865, apànìyàn yìnbọn lù ú nínú ilé eré kan ní Washington, ó sì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó ti di àṣà ní àwọn ìpàdé wa láti ka àwọn ìjákulẹ̀ Lincoln lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni pé gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó bàjẹ́ títí ó fi ṣàdédé di Ààrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdìbò ọdún 1832 nìkan ni àwọn ènìyàn ti fi ìbò tiwọn gan-an kọ òun sílẹ̀. A kò sì sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá fìdí rẹmi ni yóò di ẹni ńlá. Àwọn mẹ́jọ mìíràn ni wọ́n fìdí rẹmi pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ayé kò sì rántí orúkọ wọn.

Ohun tí a rí kọ́ kò ju èyí lọ. Nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde, tí orúkọ ọmọ wa kò sì sí nínú àwọn tí ó yege, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí àwọn tí wọ́n jọ sùn nínú yàrá kan mọ̀ nípa rẹ̀, kí a tó sọ pé ọdún náà ṣòfò. Àti àwa tí a ti jáde ilé-ìwé tipẹ́, tí àwọn kan nínú wa ti du ipò tí wọn kò rí i, ìbéèrè kan náà ń dúró dè wá. Bí a bá gbé àpótí ìbò kalẹ̀ ní àdúgbò tí a ń gbé lónìí, láàárín àwọn tí a jẹ ní gbèsè, àwọn tí ń bá wa ṣiṣẹ́ àti àwọn tí ilé wọn kan tiwa, mélòó nínú 300 ni yóò dìbò fún wa?